Ṣé wọ́n lé Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther kúrò lórí oyè kó tó kú ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Olùkọ́ àwọn ọmọdé ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Nígbà tí à ń sọ̀rọ̀ lórí àwọn tó mú ìyìn rere wá sí ilẹ̀ wa, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ní bàbá òun sọ pé àwọn òyìnbó lé Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther kúrò lórí oyè, pé ìbànújẹ́ ọ̀rọ̀ náà ló sì pa á. N ò mọ ohun tí mo lè sọ. Ṣé òótọ́ ni? Bó bá sì jẹ́ òótọ́, kí ló dé tí kò fi bínú dá ìjọ tirẹ̀ sílẹ̀? Níbo ni wọ́n tiẹ̀ sin ín sí gan-an?

ÌDÁHÙN:

Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Inú mi dùn pé ẹnu ọmọdé ni irú ìbéèrè báyìí ti jáde, nítorí ìtàn Crowther tí wọ́n sábà máa ń sọ fún wọn kì í kọjá ibi tó ti di Bíṣọ́ọ̀bù. Bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló tún fi ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, inú ọdún wọ̀nyẹn sì ni ìwà rẹ̀ ti hàn jù lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fèsì ní ṣókí. Ẹnikẹ́ni ò yọ ọ́ lóyè. Bíṣọ́ọ̀bù ni Crowther títí tó fi dákẹ́ ní Èkó lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891. Ṣùgbọ́n bàbá ọmọ náà kò purọ́ o. Wọ́n fi oyè sílẹ̀ fún un, wọ́n sì ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gba ọkọ̀, wọ́n gba àpò owó, nígbà tó yá wọ́n ń dá àwọn àlùfáà rẹ̀ dúró lójú rẹ̀. Ní tèmi, ìyẹn burú ju kí wọ́n sọ fún un pé kó máa lọ ilé rẹ̀ lọ.

Kí àwọn ọmọ tó lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dùn tó, ó yẹ kí wọ́n mọ irú ẹni tí wọ́n ṣe é sí.

Wọ́n bí i ní Òsoògùn, lápá Ìsẹ́yìn, ní nǹkan bí ọdún 1809. Ní 1821, ogun ẹrú wọ ìlú náà. Òun fúnra rẹ̀ kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sínú lẹ́tà kan ní 1837: wọ́n ń se oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ariwo ta pé ogun ti dé. Bàbá rẹ̀ sáré wọlé, ó ní kí wọ́n tètè máa sá lọ, ó sì jáde lọ bá àwọn tó ń jà. Ìgbà yẹn ni ọmọ náà rí i mọ. Okùn ni wọ́n fi sí òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lọ́rùn, wọ́n sì so wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn yòókù. Nígbà tí wọ́n dé Ìsẹ́yìn, wọ́n fi Àjàyí gba ẹṣin kan. Òwò náà bàjẹ́, wọ́n dá a padà, wọ́n tún tà á fún ẹlòmíràn. Ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n ń tà á títí tó fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ará Potogí, ní Èkó. Kó tó débẹ̀, ìbẹ̀rù pé òyìnbó ni wọn yóò tà á fún mú un débi pé ó fẹ́ fi ọ̀já ara rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn lóru. Ẹ lè fo ibi yìí tó bá jẹ́ àwọn kékeré ni ẹ̀ ń kọ́.

Ní oṣù Kẹrin 1822, wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi àwọn Àgùdà. Ọkọ̀ náà ò tíì lọ jìnnà tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi lé e bá, wọ́n sì kó àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Ibẹ̀ ló ti mọ ìwé kà, oṣù mẹ́fà péré ló fi mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un lọ́jọ́ 11 oṣù Kejìlá 1825, tó fi di Samuel Crowther. Ní 1827, nígbà tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay sílẹ̀, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ó fẹ́ Asano, ẹni tí wọ́n sọ ní Susan, tí òun náà ti oko ẹrú bọ́.

Ní 1841, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ gba orí odò Ọya lọ, Crowther sì bá wọn lọ. Ibà ṣe àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ náà bí ọṣẹ́ ti í ṣe ojú. Àwọn tó kú nínú wọn lé ní ogójì. Láti ìgbà yẹn ni ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS ti rí i pé bí ìyìn rere yóò bá dé òkè odò, ọwọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ Adúláwọ̀ ló máa gbà. Wọ́n mú Crowther lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì fi í jẹ àlùfáà ní 1843. Ẹ fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn dáadáa. Bí ojú ọjọ́ ilẹ̀ wa ṣe ń pa òyìnbó wà lára ohun tó sí ilẹ̀kùn fún un. Nígbà tí wọ́n wá mọ bí wọ́n ṣe ń fi kuníìnì tọ́jú ibà, tí òyìnbó lè gbé òkè odò kó má kú, ilẹ̀kùn náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í padé.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ sọ fún àwọn ọmọ náà bó ṣe rí gan-an, nítorí n ò tíì rí ọmọ tó gbọ́ ọ tó gbàgbé. Crowther dé Abẹ́òkúta ní 1846. Ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n ti já òun àti ìyá rẹ̀ gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àwọn tó mọ ẹbí wọn lọ sọ fún ìyá náà pé ọmọ rẹ̀ wà láyé, pé ó ti dé. Lọ́jọ́ 21 oṣù Kẹjọ, Àfálá, ìyá rẹ̀, wọlé tọ̀ ọ́ wá. Crowther kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé nígbà tí ìyá òun rí òun, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Wọ́n dì mọ́ra wọn, wọn ò lè sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń wojú ara wọn ni, omijé sì ń dà lójú ìyá arúgbó náà. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn orúkọ tí ìyá àgbà máa ń fi pe Àjàyí nígbà tó wà lọ́mọdé pè é. Ìyá àgbà ọ̀hún ti kú sí oko ẹrú. Ẹsẹ Bíbélì tó bọ́ sí ọjọ́ náà nínú kàlẹ́ńdà ìjọ wá láti inú Sáàmù 10, pé Ọlọ́run ni olùrànlọ́wọ́ aláìníbaba. Crowther ní òun ò tíì mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lágbára tó títí di ọjọ́ yẹn.

Ní oṣù Kejì 1848, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìrìbọmi fún ìyá rẹ̀. Hánà ni wọ́n sọ ọ́, bí orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Ìyá náà dàgbà dàgbà, 1883 ló tó kú, nígbà tí ọmọ rẹ̀ náà ti di arúgbó.

Iṣẹ́ rẹ̀ lórí Bíbélì Yorùbá, ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n, n ò ní sọ púpọ̀ níbẹ̀. Ìwé Róòmù jáde ní 1850, Bíbélì lódindi sì pé ní 1884. Òun nìkan kọ́ ló ṣe é. Àlùfáà Thomas King àti àwọn mìíràn bá a ṣe é, ṣùgbọ́n òun ni òpó iṣẹ́ náà. Ohun tí àwọn ènìyàn kì í sábà sọ ni ti iná tó jó ilé rẹ̀ ní Èkó ní 1862. Àwọn ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tó ti fi ọdún mọ́kànlá ṣà jọ, iná jó wọn pátá, àti àwọn ìwé Mósè tó ti túmọ̀ tó fẹ́ rán lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Ó tún padà jókòó tì í, ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀mí tí ẹ óo rí nínú rẹ̀ ní 1890 náà nìyẹn.

Ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà 1864 ni wọ́n fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Kàtídírà Canterbury. Òun ni ọmọ ilẹ̀ Adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi sí ipò náà. Ìyáàfin Weeks, tó kọ́ ọ ní A B D ní Sàró, jókòó nínú ìjọ lọ́jọ́ náà. Ọ̀gágun ojú omi Leeke, tó wà nídìí ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tó gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Àgùdà, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó wù mí kí ẹ dárúkọ àwọn méjèèjì fún àwọn ọmọ, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ níwájú.

Ṣùgbọ́n oyè náà ti ní àléébù nínú láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi í jẹ ẹ́. Àwọn àlùfáà òyìnbó tó wà ní Abẹ́òkúta, tí Henry Townsend ṣáájú wọn, ta kú pé àwọn ò ní wà lábẹ́ aláwọ̀ dúdú. Bẹ́ẹ̀, Henry Venn, akọ̀wé àgbà CMS ní Lọ́ńdọ̀nù, fẹ́ kí Crowther jẹ ẹ́ ní dandan. Ohun tí wọ́n fi parí rẹ̀ ni pé wọ́n fi Crowther jẹ Bíṣọ́ọ̀bù lórí ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà tó wà lẹ́yìn ilẹ̀ tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Ẹ wo ohun tó túmọ̀ sí: Èkó tí ilé rẹ̀ wà kò sí lábẹ́ rẹ̀. Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè abínibí rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ ti gba Jésù, bọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Orí odò Ọya ni wọ́n ní kó lọ, láàárín àwọn Ígbò, Ìjọ (Ijaw), Ígálà àti Tápà, níbi tí òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ti gbọ́ èdè.

Ibí yìí ló yẹ ká dúró sí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹjọ́ tí wọ́n wá dá a lẹ́yìn náà ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti Bonny àti Brass létí òkun títí dé Lọ́kọ́jà àti ilẹ̀ Tápà lókè. Kò ní ọkọ̀ tirẹ̀. Ọkọ̀ àwọn oníṣòwò epo ló ń wọ̀, ìgbà tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń gbéra, ibi tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń dúró. Ọkọ̀ ńlá ò sì lè gòkè odò àfi nígbà tí òjò bá ti mú kí omi kún. Nítorí náà, ibòmíràn wà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni Bíṣọ́ọ̀bù lè fẹsẹ̀ kàn án. Olùkọ́ kan tí wọ́n fi síbẹ̀, tó jẹ́ ọmọ Sàró, lè wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́wàá láìrí ọ̀gá, owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan, oníṣòwò ló yí i ká. Àwọn kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòwò. Àwọn kan ṣe ohun tó burú ju òwò lọ. Ó tiẹ̀ ní àwọn tí wọ́n dá lẹ́jọ́ lórí ikú ọmọbìnrin kan tí wọ́n nà ní Onitsha. N ò ní bá ẹnikẹ́ni bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ ìtàn yìí tó ní gbogbo òṣìṣẹ́ Crowther ló mọ́ bí omi, kò sọ òótọ́, Crowther alára kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ó lé àwọn kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí kò gbà ni kí wọ́n dájọ́ ènìyàn lórí àhesọ.

Iná ìpọ́njú náà kò sì kéré. Ní 1867, olóyè kan lápá Idah tó ń jẹ́ Abokko dá òun àti Dandeson, ọmọ rẹ̀, dúró, ó ní àfi kí wọ́n san owó ńlá kó tó tú wọn sílẹ̀. Consul Fell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ló wọ ọkọ̀ lọ gbà wọ́n. Wọ́n bọ́, ṣùgbọ́n ọfà olóró ba Fell, ó sì kú. Crowther ti ń sún mọ́ ẹni ọgọ́ta ọdún nígbà náà. Ó padà sórí odò náà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún tó lé ní ogún.

Ní Bonny, iṣẹ́ náà yanjú ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ. Ọba George Pepple gbà wọ́n, àwọn ènìyàn pa ọ̀rọ̀ awọ́nríwọ́n tí wọ́n ń bọ tì ní 1867, àwọn ẹrú àti àwọn mẹ̀kúnnù sì ń wọ́ lọ sí ilé ìsìn. Àwọn olóyè kan gbógun tì wọ́n. Ní 1875, wọ́n ní kí Joshua Hart, tó jẹ́ ẹrú, jẹ ohun tí wọ́n fi bọ òrìṣà. Ó kọ̀, wọ́n sì pa á sínú omi. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ìjọ Crowther. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìjọ orí odò kò ní gbòǹgbò, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ni Joshua Hart wá kú fún.

Venn kú ní 1873. Àwọn tó rọ́pò rẹ̀ kò ní irú ìgbàgbọ́ tó ní pé ìjọ ilẹ̀ Adúláwọ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ ara rẹ̀, kó ṣàkóso ara rẹ̀, kó sì tan ìyìn rere fúnra rẹ̀. Ayé pàápàá ti ń yí. Kuníìnì ti dé, àwọn ìjọba òyìnbó ti ń pín ilẹ̀ wa mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní Berlin ní 1884 sí 1885, ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company sì gbàṣẹ lọ́dọ̀ Ọbabìnrin ní 1886 láti máa ṣàkóso odò Ọya. Òyìnbó tó ń tẹ ilẹ̀ wa nígbà náà kì í ṣe irú tàtijọ́. Ó ti gbà gbọ́ pé a bí òun láti máa pàṣẹ ni.

Ní nǹkan bí 1878, CMS ra ọkọ̀ kan fún iṣẹ́ orí odò, wọ́n sọ ọ́ ní Henry Venn. Ẹ óo rò pé ìtura dé nìyẹn. Òyìnbó kan tí kì í ṣe àlùfáà ni wọ́n fi ọkọ̀ náà àti àpò owó lé lọ́wọ́, Bíṣọ́ọ̀bù wá di ẹni tó ń tọrọ àyè nínú ọkọ̀ iṣẹ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, wọ́n rán àlùfáà òyìnbó kan lọ wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, ó sì kọ ìròyìn burúkú nípa àwọn òṣìṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù láìfi han Bíṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn fún ọdún mẹ́wàá.

Àwọn tó wá kó gbogbo rẹ̀ dé góńgó ni àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tó dé ní ìparí àwọn ọdún 1880: J. A. Robinson, F. N. Eden àti Graham Wilmot Brooke. Crowther ti jẹ Bíṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó bí Brooke sáyé. Mi ò ní pè wọ́n ní ènìyàn búburú. Wọ́n fi ilé wọn sílẹ̀, wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n gbàdúrà, Robinson àti Brooke sì kú sí Lọ́kọ́jà níbí, Robinson ní 1891, Brooke ní 1892. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pinnu kí wọ́n tó dé pé ìjọ tí aláwọ̀ dúdú gbé kalẹ̀ kò lè jẹ́ ìjọ tòótọ́, wọ́n sì fẹ́ wó o lulẹ̀ kí wọ́n tún un kọ́. Ìtara wọn pọ̀ ju ìfẹ́ tí wọ́n ní sí àwọn tí wọ́n bá níbẹ̀ lọ. Ohun tó sì ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, pé ẹni tó ń sin Ọlọ́run tọkàntọkàn lè ṣe irú èyí sí ẹni tó ń sin Ọlọ́run kan náà.

Oṣù Kẹjọ 1890 ni wọ́n ṣe ìpàdé ìgbìmọ̀ ìnáwó ní Onitsha. Bíṣọ́ọ̀bù, tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ló wà ní ipò alága. Àwọn òyìnbó wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀sùn sí àwọn àlùfáà àti olùkọ́ lẹ́sẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Eden, akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà, ní òun ti dá àwọn kan dúró. Archdeacon Dandeson Crowther, ọmọ bíbí inú Bíṣọ́ọ̀bù, wà lára wọn, ojú bàbá rẹ̀ ni wọ́n sì ti sọ ọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nínú ìjọ Áńgílíkà, Bíṣọ́ọ̀bù ló ń fi àlùfáà jẹ, òun náà ló sì lè dá a dúró. Bàbá náà kò pariwo. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé ó ya òun lẹ́nu láti gbọ́ pé akọ̀wé ní òun ní agbára láti dá àlùfáà dúró lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ ọ̀hún sílẹ̀.

Ẹ kíyè sí ohun tó fi sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ ni, kì í ṣe oyè. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣi ìtàn náà gbọ́.

Ṣé ìbànújẹ́ ló wá pa á? Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú ní oṣù Keje 1891, kò sì gbádùn mọ́ títí ọdún fi parí. Ẹni tó lé lẹ́ni ọgọ́rin ni, tó ti fi bí àádọ́ta ọdún wọ ọkọ̀ nínú oòrùn àti òjò. N ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà fún yín pé tí kò bá sí ti Onitsha, àrùn náà kò ní ṣe é. Ohun tí mo lè sọ ni pé nínú ọdún kan ṣoṣo, wọ́n gba iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n sì dójú ti ọmọ rẹ̀ lójú rẹ̀. Asano, aya rẹ̀, ti kú láti 1880, kò sí ẹni tí ì bá bá a gbọ́ ọ nínú ilé bí ìyàwó ṣe ń gbọ́ ti ọkọ. Tí bàbá ọmọ náà bá ní ìbànújẹ́ wà nínú rẹ̀, n kò ní bá a jiyàn.

Ó wá ku ìbéèrè yín pé kí ló dé tí kò fi dá ìjọ tirẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe pé kò rí àyè rẹ̀. Èkó ń hó lọ́dún náà. Àwọn Onítẹ̀bọmi kan ti ya kúrò lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó ní 1888. Edward Blyden, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú kan, wá sí Èkó ní ìparí 1890, ó ń sọ ọ́ ní gbangba pé kí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa dá ìjọ tiwọn sílẹ̀. Lóṣù Kẹjọ 1891, nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù wà lórí àìsàn, àwọn kan pé jọ, wọ́n dá United Native African Church sílẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe sí Crowther sì wà lára ohun tó bí wọn nínú. Ká ní ó fẹ́, orúkọ rẹ̀ nìkan ì bá ti kó ìdajì àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà Èkó jáde.

Àwọn kan sọ pé ojo ni, pé òyìnbó ti tọ́ ọ débi pé kò lè kọ ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. N kò gbà. Ẹni tó jẹ́ ojo kò ní padà sórí odò lẹ́yìn tí wọ́n ti mú un ní Idah. Ẹ wo ohun tó ṣe dípò bẹ́ẹ̀. Àwọn ìjọ Bonny, Brass àti àwọn tó yí wọn ká ní owó tiwọn, wọ́n sì ní ìgboyà. Òun àti Dandeson bá wọn ṣètò pé kí wọ́n bọ́ kúrò lábẹ́ owó CMS, kí wọ́n máa bọ́ àwọn àlùfáà wọn fúnra wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi ìjọ Áńgílíkà sílẹ̀. Niger Delta Pastorate ni wọ́n pè é. Ó fìdí múlẹ̀ ní 1892, Dandeson tí wọ́n dá dúró ní Onitsha ló sì darí rẹ̀. Ohun tí Venn fi kọ́ ọ láti ọjọ́ pípẹ́ gan-an nìyẹn: ìjọ tó ń bọ́ ara rẹ̀, tó ń ṣàkóso ara rẹ̀. Àwọn òyìnbó ní aláwọ̀ dúdú kò lè ṣe é. Ó fi àwọn ìjọ tí wọ́n gàn hàn wọ́n pé ó ṣeé ṣe, kò sì fọ́ agbo sí méjì láti fi í hàn wọ́n.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ní èyí kò tó. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó jáde lọ dá ìjọ sílẹ̀ ní 1891. Ohun tó bí wọn nínú tó nǹkan, ìjọ wọn sì sin Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n Crowther ti jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú pẹpẹ ní 1843 àti 1864, ojú àlùfáà ló sì fi wo ọ̀rọ̀ náà dópin. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹrú Bonny tó gba Jésù lánàá, bí Bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti àwọn olùkọ́ rẹ̀ bá fọ́ sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀? Mo rò pé ìyẹn ni ìbéèrè tó jẹ ẹ́ lógún ju ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lọ.

Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Hill dé Èkó lóṣù Kejìlá 1893, ó sì kú lóṣù tó tẹ̀ lé e. Wọ́n fi àwọn ọmọ ilẹ̀ wa méjì, Isaac Olúwọlé àti Charles Phillips, ṣe igbákejì, ṣùgbọ́n kí ọmọ Yorùbá tó tún jókòó ní ipò Bíṣọ́ọ̀bù tó ní agbègbè tirẹ̀, ó di ìgbà A. B. Akínyẹlé ti Ìbàdàn ní 1952. Ní oṣù Kẹfà 2014, nígbà tí wọ́n ń ṣe ìrántí àádọ́jọ ọdún tí wọ́n fi Crowther joyè, Archbishop Justin Welby, tó jẹ́ olórí ìjọ Áńgílíkà nígbà náà, dúró nínú kàtídírà Canterbury yẹn kan náà, ó sì tọrọ àforíjì pé ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì da Crowther, pé wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ ò gbọdọ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún ọmọdé nínú ilé Ọlọ́run, ẹ sọ fún un pé ẹni tó tóbi jù nínú ìjọ Áńgílíkà ti sọ ọ́ níwájú pẹpẹ.

Ohun kan ni mo bẹ̀ yín. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ lọ sílé pẹ̀lú èrò pé òyìnbó burú, aláwọ̀ dúdú dára. Ìdí nìyẹn tí mo fi dárúkọ Ìyáàfin Weeks tó kọ́ ọ níwèé, àti Venn tó dúró tì í títí tó fi kú. Òyìnbó ni wọ́n. Àwọn tó kó o lẹ́rú ní Òsoògùn, aláwọ̀ dúdú ni wọ́n. Ẹ kàn sọ ohun tí oníkálùkù ṣe fún wọn.

Ní ti ibi tí wọ́n sin ín sí: itẹ́ òkú Àjẹlẹ̀ ní Èkó ni wọ́n kọ́kọ́ sin ín sí. Nígbà tí ìjọba ológun ní kí wọ́n hú itẹ́ náà kúrò ní àwọn ọdún 1970, wọ́n kó òkú rẹ̀ lọ sí Cathedral Church of Christ ní Marina, ibẹ̀ ló sì wà títí di òní. Bí ẹ bá fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ wò ó, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì kàtídírà náà ṣáájú, kí ẹ sì lọ láàárín ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá lọ lọ́jọ́ Sunday, ìsìn kò ní jẹ́ kí wọ́n ráyè fi ohunkóhun hàn yín.